Ẹjọ́ Òwò Láàárín Orílẹ̀-èdè: Lọ́yà Wo Ló Yẹ Kí Ẹ Mú?

Lọ́dún 1996, ìjọba erékùṣù kékeré kan, Saint Lucia, mú lọ́yà aládàáni dání lọ sí Geneva. Ẹjọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí Amẹ́ríkà àtàwọn orílẹ̀-èdè mìíràn pe Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ni wọ́n ń gbọ́ lọ́dọ̀ Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, ìyẹn WTO, Saint Lucia sì fẹ́ dá sí i torí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni oúnjẹ òòjọ́ àwọn àgbẹ̀ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ olùgbẹ́jọ́ ní kí àwọn lọ́yà náà jáde, wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àwọn adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn lọ́dún 1997, wọ́n sì ní ọwọ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ló wà láti yan ẹni tí yóò gbẹnu sọ fún un. Ilẹ̀kùn ṣí látìgbà náà.

Kí ilẹ̀kùn yẹn tó ṣí, yíyàn kò nira, kò kúkú sí nǹkan tí wọ́n fẹ́ yàn. Lónìí, lọ́yà òwò àgbáyé pọ̀ lọ jàra, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn sì ń kọ sójú ewé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ìrírí ọlọ́jọ́ pípẹ́, ọ́fíìsì káàkiri, amọ̀ṣẹ́dunjú. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Mo fẹ́ fi wọ́n wéra lọ́kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀yin oníṣòwò tó ń tajà sókè òkun àti fún òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fáìlì ẹjọ́ ka orí tábìlì rẹ̀. Èrò tèmi ni pé yàrá tí wọ́n ti máa gbọ́ ẹjọ́ ló ń yan lọ́yà fúnni. Orúkọ ńlá tó wà lára ògiri ló yẹ kó gbẹ̀yìn.

Ohun tí ẹ máa fi wọ̀n wọ́n

Ẹ kọ́kọ́ mọ yàrá tí ẹ ń wọ̀. Ní WTO, ìjọba ló ń pẹjọ́, ìjọba ló ń jẹ́jọ́. Ilé-iṣẹ́ tí ìyà ń jẹ gbọ́dọ̀ lọ bá ìjọba tirẹ̀ kó bá òun gbé e. Tó bá jẹ́ pé oníbàárà kan ló kó ọjà yín tí kò sanwó, ẹ padà sídìí àdéhùn tí ẹ jọ fọwọ́ sí. Ó lè ní kóòtù orílẹ̀-èdè kan ni. Ó sì lè ní arbitration ni, níbi tí ẹ̀yin méjèèjì ti máa jọ yan ẹni tí yóò dájọ́ níta kóòtù, irú èyí tí àwọn àjọ bí ICC ní Paris, LCIA ní London àti SIAC ní Singapore ń bójú tó. Tó bá jẹ́ ìjọba orílẹ̀-èdè mìíràn ló gba ilé-iṣẹ́ tí ẹ fi owó yín dá sílẹ̀ níbẹ̀, tí àdéhùn ìdókòwò sì wà láàárín orílẹ̀-èdè tiyín àti tirẹ̀, ẹ lè bá ara yín lọ́dọ̀ ICSID, àjọ tó ń bójú tó ìjà láàárín olùdókòwò àti ìjọba, ní Washington. Yàrá karùn-ún ni àwọn oníṣòwò sábà máa ń gbàgbé, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba tó ń wádìí dumping, ẹ̀sùn pé ẹ ń ta ọjà fún ará òkèèrè ní owó tó rẹlẹ̀ sí iye tí ẹ ń tà á nílé. Ibẹ̀ kì í ṣe kóòtù. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni owó ibodè tó lè lé ọjà yín kúrò nílẹ̀ kan ti ń jáde.

Lẹ́yìn yàrá, ẹ bi ara yín pé kí lẹ máa mú bọ̀ tí ẹ bá borí. Ìborí ní WTO kì í dá owó tí ẹ ti pàdánù padà. Ohun tó ń ṣe ni pé kí orílẹ̀-èdè tó jẹ̀bi tún òfin rẹ̀ ṣe láti ìgbà náà lọ, bí kò bá sì tún un ṣe, wọ́n lè fún ẹni tó borí láyè láti gbẹ̀san lórí ọjà tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa san owó lọ́yà fún ẹnikẹ́ni. Ti arbitration yàtọ̀: owó ni ìdájọ́ ibẹ̀ sábà máa ń jẹ́, Àdéhùn New York ti ọdún 1958 sì mú kí ẹ lè gbé ìdájọ́ náà tọ kóòtù lọ ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 170, kí wọ́n bá yín gbà á lọ́wọ́ onígbèsè. Àwọn adájọ́ arbitration sì lè ní kí ẹni tó jẹ̀bi san lára owó lọ́yà ẹni tó jàre.

Ó wá kan owó. Àwọn èèyàn máa ń ráhùn nípa owó àwọn adájọ́ arbitration, wọn kì í wo ibi tí owó ń gbà lọ gan-an. ICC ṣe ìṣirò lórí àwọn ẹjọ́ tirẹ̀, ó sì gbé e jáde lọ́dún 2015: nínú gbogbo 100 tí wọ́n ná, nǹkan bí 83 ló lọ sọ́dọ̀ lọ́yà, ẹlẹ́rìí àti amòye, àwọn adájọ́ gba 15, ICC fúnra rẹ̀ gba 2. Ẹni tó bá ń yan lọ́yà ti ń yan iye tí ẹjọ́ máa ná an.

Nǹkan méjì tó kù kò gùn. Ẹ wádìí ẹni tó máa jókòó kọ ìwé ẹjọ́ yín, kí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú lẹ́tà àdéhùn. Ẹni tó wá fẹnu dídùn gba iṣẹ́ lè má tún yọjú sí yín mọ́ títí ẹjọ́ á fi parí. Ẹ sì wádìí bóyá ilé-iṣẹ́ náà ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ẹ fẹ́ bá ṣẹjọ́, tàbí fún ìjọba tó ń jẹ́jọ́.

Lọ́yà tó wà nínú ilé yín

Ó mọ ọjà, ó mọ ẹni tó fọwọ́ sí ìwé, owó oṣù ló sì ń gbà, kì í ṣe owó wákàtí. Fún ìdúnàádúrà, òun ni mo máa kọ́kọ́ mú. Ní ìjọba pẹ̀lú, òṣìṣẹ́ òfin tó ti jókòó sí ìpàdé láti ọdún pípẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi kọ gbólóhùn kan báyìí nínú àdéhùn, lọ́yà àyáwá kò lè mọ ìyẹn.

Ibi tó ti máa ń já síkòtò ni ìwé àṣírí. Nínú ìwádìí dumping ní Amẹ́ríkà, ìjọba máa ń fi ìṣirò àṣírí àwọn tí ẹ jọ ń bára yín du ọjà han lọ́yà ìta tó ti búra pé òun kò ní tú u síta. Lọ́yà inú ilé kì í sábà rí i, torí wọ́n ń bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ á dé etí ọ̀gá rẹ̀. Ní Yúróòpù, ilé ẹjọ́ gíga ibẹ̀ sọ lọ́dún 2010, nínú ẹjọ́ Akzo Nobel, pé bí ìjọba bá ń wádìí bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń bára wọn díje, lẹ́tà tí ẹ kọ sí lọ́yà inú ilé yín kò ní ààbò tí èyí tí ẹ kọ sí lọ́yà ìta ní.

Ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò ńlá

Àwọn wọ̀nyí ní ọ́fíìsì ní London, New York, Paris, Singapore, Geneva. Bí ẹjọ́ yín bá ń jà lórí orílẹ̀-èdè mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹ fẹ́ kí kóòtù kan dí àkáǹtì ẹlẹ́jọ́ yín lọ́wọ́ láàárọ̀ kí arbitration sì bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án, àwọn ló lè rí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kó jọ lọ́jọ́ kan. Ẹjọ́ òwú Bùràsíìlì fi agbára wọn hàn. Bùràsíìlì pe Amẹ́ríkà lẹ́jọ́ ní WTO lọ́dún 2002 lórí owó ìrànwọ́ tí ìjọba ibẹ̀ ń fún àwọn tó ń gbin òwú. Ilé-iṣẹ́ Sidley Austin ló bá a ṣe é, àwọn amòye nípa ọrọ̀ ajé sì wà lẹ́yìn wọn tí wọ́n ń fi ìṣirò hàn bí owó yẹn ṣe ń tẹ iye òwú mọ́lẹ̀ lọ́jà àgbáyé. Wọ́n borí. Síbẹ̀, ọdún 2009 ni WTO tó sọ iye tí Bùràsíìlì lè fi gbẹ̀san, ọdún 2014 ni wọ́n sì tó parí rẹ̀, nígbà tí Amẹ́ríkà gbà láti san 300 mílíọ̀nù dọ́là. Ọdún 12 nìyẹn. Ẹ fojú inú wo ìwé owó tí lọ́yà tó ń gbowó ní wákàtí wákàtí máa kọ láàárín àkókò yẹn.

Àbùkù wọn ni pé wọ́n ní oníbàárà púpọ̀, ẹni tí ẹ fẹ́ bá ṣẹjọ́ sì lè wà lára wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè sọ fún yín lójijì pé àwọn kò lè bá yín ṣe é. Fún ẹjọ́ tí owó inú rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ, mi ò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni kan ilẹ̀kùn wọn.

Ilé-iṣẹ́ kékeré tí iṣẹ́ kan ṣoṣo ni tirẹ̀

Lọ́yà márùn-ún, mẹ́wàá, tí wọ́n kúrò ní ilé-iṣẹ́ ńlá tàbí ní WTO fúnra rẹ̀ láti dá dúró. Ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló sábà ń kọ ìwé yín. Wọn kì í ní oníbàárà tó pọ̀ tó láti kó sí ìforígbárí, wọ́n sì máa ń gbà láti dá iye kan fún ìpele kọ̀ọ̀kan: iye báyìí fún lẹ́tà àkọ́kọ́, iye báyìí títí dé ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Fún arbitration tó kéré, àwọn ni mo fẹ́ràn jù. Ìlànà ICC ti ọdún 2021 ní ọ̀nà kúkúrú fún ẹjọ́ tí kò ju mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lọ: adájọ́ kan ṣoṣo, ìdájọ́ láàárín oṣù mẹ́fà sí ìpàdé ìṣètò àkọ́kọ́. Ilé-iṣẹ́ kékeré tó mọ ọ̀nà yẹn dunjú kò nílò ogún ọ̀dọ́mọdé lọ́yà.

Ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ kò fara sin. Bí olórí wọn bá ṣàìsàn, tàbí tí ẹlẹ́jọ́ yín da ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n ìwé lé yín lórí, ọwọ́ wọn lè má ká a.

Lọ́yà ọmọ ilẹ̀ ibi tí ẹjọ́ wà

Nínú ìwádìí dumping, ẹni yìí ni gbogbo nǹkan, ibẹ̀ sì ni mo ti rò pé àwọn oníṣòwò ń pàdánù jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀.

Bí ìwádìí ṣe ń lọ nìyí. Àwọn tó ń ṣe irú ọjà yín ní orílẹ̀-èdè yẹn kọ ìwé ẹ̀sùn. Ìjọba ibẹ̀ fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí yín, ìwé tó gùn, tó ń béèrè títà kọ̀ọ̀kan láàárín àkókò tí wọ́n dá, iye tí ẹ fi ṣe ọjà, owó ọkọ̀, ẹ̀dínwó tí ẹ fún oníbàárà. Òfin WTO ní wọn kò gbọ́dọ̀ fún yín ní ọjọ́ tó dín sí 30 láti dáhùn. Ẹni tí kò bá dáhùn, tàbí tó dáhùn ní ìdákúrekú, wọ́n á lo ohun tó bá wà lọ́wọ́ wọn. Ohun tó sì máa ń wà lọ́wọ́ wọn jù ni èyí tí ẹni tó fẹ̀sùn kàn yín kọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n lè wá sí ilé-iṣẹ́ yín láti fi ìdáhùn yín wé ìwé ìṣirò yín. Bí ìyàtọ̀ owó bá dín sí ìdá 2 nínú 100, wọ́n á fi yín sílẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó orí ọjà náà lè wà fún ọdún márùn-ún, wọ́n sì lè tún un yẹ̀ wò kí wọ́n fi kún un.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ẹlẹ́nu dídùn. Lọ́yà tó ti bá ọ́fíìsì yẹn ṣiṣẹ́ nígbà ogún mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìṣirò, ó mọ àkókò tí wọ́n máa gbà láti fi ọjọ́ mélòó kan kún un, ó sì máa ń mú akáńtáǹtì wá. Bí owó yín bá tó sí ẹnì kan ṣoṣo pẹ̀lú akáńtáǹtì kan, ẹ mú akáńtáǹtì náà.

Ní arbitration pẹ̀lú, ẹ nílò ọmọ ilẹ̀ níbi méjì: ìlú tí àdéhùn pè ní ibùjókòó ẹjọ́, torí kóòtù ibẹ̀ ló lè wọ́gi lé ìdájọ́, àti ìlú tí dúkìá onígbèsè wà, torí ibẹ̀ ni ẹ ti máa gbà á. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Lọ́yà ńlá tó gba ìdájọ́ ní Paris kò lè dìde sọ̀rọ̀ ní kóòtù orílẹ̀-èdè tí kò ní ìwé àṣẹ rẹ̀.

ACWL, fún ìjọba nìkan

Ilé-iṣẹ́ òfin kan wà ní Geneva tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba kò rántí pé ó wà. ACWL ni wọ́n ń pè é, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2001, kò sí abẹ́ WTO. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bá àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà gba ìmọ̀ràn àti ẹjọ́ lórí òfin WTO. Ìmọ̀ràn jẹ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ àti fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ìdàgbàsókè wọn kéré jù lọ. Fún ẹjọ́, owó tí wọ́n ń gbà rẹlẹ̀ gan-an sí ti ilé-iṣẹ́ aládàáni, orílẹ̀-èdè tó tálákà jù ló sì ń san èyí tó kéré jù.

Iṣẹ́ wọn kì í ṣe iṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú lásán o. Àwọn ló wà lẹ́yìn Peru lọ́dún 2002 nígbà tí Yúróòpù ní ẹja Peru kò gbọ́dọ̀ jẹ́ sàdín lójú agolo, pé irú ẹja kan ṣoṣo láti etíkun tiwọn ló ní orúkọ yẹn. Peru borí. Àwọn náà ló ran Bangladesh lọ́wọ́ lọ́dún 2004, nígbà tó di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ nínú àwọn tí ìdàgbàsókè wọn kéré jù tó pẹjọ́ ní WTO. Íńdíà ló pè, lórí owó dumping tó bù lé bátìrì. Ẹjọ́ náà kò dé iwájú ìgbìmọ̀ olùgbẹ́jọ́ tí Íńdíà fi mú owó náà kúrò.

Ààlà wọn: òfin WTO nìkan ni wọ́n ń ṣe, wọn kì í gbẹjọ́ fún ilé-iṣẹ́. Bí orílẹ̀-èdè méjì tó ń bára wọn jà bá jẹ́ oníbàárà wọn, wọ́n ní àkójọ lọ́yà ìta tí wọ́n lè gbé ọ̀kan fún. WTO fúnra rẹ̀ ní amòye òfin tó lè ran irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, àmọ́ onítọ̀hún kò gbọ́dọ̀ ṣègbè, ẹni tí kò gbọ́dọ̀ ṣègbè kò sì lè bá yín jà.

Lọ́yà yòówù kí ìjọba mú, ẹ bi í ní ìbéèrè kan: ṣé ẹni tí a fẹ́ pè wà nínú MPIA? Láti oṣù Kejìlá 2019 ni adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn WTO kò ti pé mọ́, torí Amẹ́ríkà kò gbà kí wọ́n yan tuntun. Ẹni tó bá jẹ̀bi lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sí yàrá òfìfo, kí ọ̀rọ̀ kú síbẹ̀. Àwọn tó wọ MPIA, ètò tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2020, ti gbà láti lo adájọ́ mìíràn dípò rẹ̀. Lọ́yà tí kò bá mẹ́nu bà á kí ẹ tó béèrè, ẹ má fún un níṣẹ́.

Ẹgbẹ́ oníṣòwò, àti ẹni tó ń dá owó ẹjọ́

Bí ìwádìí dumping bá kan ogún ilé-iṣẹ́, ẹgbẹ́ wọn lè jọ mú lọ́yà kan láti jà lórí ohun tó kan gbogbo wọn, pàápàá bóyá ọjà wọn ló ń pa ilé-iṣẹ́ orílẹ̀-èdè náà lára. Ìdáhùn nípa iye owó yín, ẹ má fi sínú àpò àjọni. Àṣírí yín ni, ẹni tó jókòó tì yín ní ìpàdé náà sì ń ta ọjà kan náà.

Ẹni tó ń dá owó ẹjọ́ máa ń san owó lọ́yà, á sì gba ìpín tó tóbi tí ẹ bá borí. Singapore fàyè gbà á fún arbitration láti 2017, ìlànà ICSID ti 2022 sì ní kí ẹ dárúkọ rẹ̀. Kì í sún mọ́ ẹjọ́ WTO, níwọ̀n bí kò ti sí owó tó máa jáde níbẹ̀.

Ìlàjà

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ máa ra ọjà lọ́wọ́ ẹni yìí, lọ́yà tó mọ ìlàjà sàn ju ajagun lọ. Àdéhùn Singapore lórí ìlàjà, tí orílẹ̀-èdè 46 fọwọ́ sí lọ́jọ́ kan ní oṣù Kẹjọ 2019, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2020. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ti sọ ọ́ di òfin, ohun tí ẹ fẹnu kò lé lórí lọ́dọ̀ onílàjà lágbára bí ẹ bá dé kóòtù. Ẹ kàn yẹ̀ ẹ́ wò bóyá orílẹ̀-èdè tí dúkìá wà ti wọ̀ ọ́.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ìjọba orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà tó ní ẹjọ́ ní WTO: ACWL ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, kí òṣìṣẹ́ òfin yín sì jókòó tì wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ìmọ̀ lè kù sílé. Bí ẹjọ́ náà bá ní ìṣirò ọrọ̀ ajé tó wúwo bí ti òwú, tí àwọn tó ń ṣe ọjà náà sì lè dá sí owó rẹ̀, ẹ lè wá ilé-iṣẹ́ ńlá.

Oníṣòwò tó rí ìwé ìbéèrè dumping gbà: lọ́yà ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀ àti akáńtáǹtì, lónìí, ẹ má dúró de ẹgbẹ́. Ẹni tí wọ́n jẹ ní owó ọjà tí kò tó mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là: ilé-iṣẹ́ kékeré, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbìyànjú ìlàjà. Olùdókòwò tí ìjọba gba ilé-iṣẹ́ rẹ̀: ilé-iṣẹ́ ńlá tàbí kékeré tó ti ṣe ICSID rí, ẹ sì lè wá ẹni tó máa dá owó rẹ̀ bí àpò yín kò bá gbé e.

Ẹni tí kò tíì ní ẹjọ́, tó ṣì ń bá ará òkèèrè dúnàádúrà, lọ́yà inú ilé tó fún un. Kó kàn san owó wákàtí mélòó kan fún amọ̀ṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kékeré láti ka abala ìjà tó wà ní ìparí àdéhùn. Àwọn lọ́yà máa ń pè é ní abala ọ̀gànjọ́ òru, torí ìgbà tó ti rẹ gbogbo èèyàn tán ni wọ́n ń kọ ọ́, àwọn kan a sì dárúkọ ilé ẹjọ́ tí kò sí níbì kankan láyé. Kò ju ìlà mẹ́rin lọ: ìlú ìjókòó ẹjọ́, òfin tí wọ́n máa lò, èdè, àti iye adájọ́.